Ìgbà Wo Ni Ká Gbé Abẹ? Ìtàn Òpó Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Wú, láti Princeton dé Bẹyẹrunka

Ní ọ̀sẹ̀ tí a parí ìdánwò sáà tó kọjá, mo dé ilé wa ní Bẹyẹrunka, mo sì bá ìpàdé mọ̀lẹ́bí níbẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Alaásàrì ni. Àwọn àgbà agbo ilé ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí gbogbo wa ń pè ní Alájì wà láàárín wọn, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n ń sọ. Inú rírun ló gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ya síkáànù. Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ló ń dà á láàmú, ìyẹn sì ní oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà tún rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò wá lọ: òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba inú ikùn rẹ̀ kọjá, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní aorta, ti wú. Sẹ̀ǹtímítà 4.6. Dókítà ní kí wọ́n má tíì ṣe iṣẹ́ abẹ, kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ déédéé, kó sì padà wá kí wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ohun tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní bí nǹkan bá ti wú nínú ènìyàn, kí ni à ń dúró dè? Ìyàwó rẹ̀ àgbà ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wọ́n ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ni wọ́n ṣe ní kó máa lọ sílé. Àǹtí wa tó ń ta aṣọ ní Ọjà'ba sì búra pé kò sẹ́ni tó máa la ikùn ẹ̀gbọ́n òun, ẹni tó bá fẹ́ là á kó kọ́kọ́ la tiẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi: "Ìwọ tó wà ní yunifásítì, kí lo rí sí i?" Ìtàn ni mo ń kọ́, mi ò kọ́ ìṣègùn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ kàwé wá. Ohun tí mo kà nìyí.

Aorta ni ìyá gbogbo òpó ẹ̀jẹ̀. Inú ọkàn ló ti jáde, ó gòkè díẹ̀, ó tẹ̀ bí ìkọ́, ó sì sọ̀kalẹ̀ gba àyà wọ inú ikùn, níbi tó ti pín sí méjì fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Nínú ikùn àgbàlagbà, ìbú rẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Tó bá ti di 3 ni wọ́n ń pè é ní aneurysm. Ẹ wo rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi: ibi tí ara rẹ̀ bá ti ṣá ló máa ń wú síta. Ọjọ́ orí, sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ohun tí a bá nínú ìdílé wà lára ohun tó ń fà á. Kì í sábà dun ènìyàn. Ẹni tó ní i lè máa rìn láti Mápó dé Bẹẹrẹ lójoojúmọ́ láìmọ ohun tó ń gbé kiri. Ọjọ́ tó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á ya lu inú, àwọn tó sì ń kú kò jìnnà sí gbogbo wọn. Nítorí náà, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá ṣe kó tó bẹ́, ara ẹni tó gbà pé ara òun yá ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọsibítù lè máà fi ẹsẹ̀ rìn jáde. Òun ló jẹ́ kí "ìgbà wo" le ju "báwo" lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé abẹ ṣàjèjì sí Ìbàdàn. Àwọn olóólà ti ń fi abẹ kọ ilà ojú, wọ́n sì ń fi kọ ilà fún ọmọkùnrin, kí òyìnbó tó dé. Ìlú tí àwọn jagunjagun tẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 1829 kò lè ṣàìmọ ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tí ojú rí ni wọ́n mọ̀. Ẹni tó bá ṣubú lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí kò dìde mọ́, ikú òjijì ni wọ́n ń pè é, ìbéèrè tó sì máa ń tẹ̀ lé e ni pé ta ló wà nídìí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa la òkú wò kó tó sin ín. Bí òpó ẹ̀jẹ̀ bá bẹ́ nínú àwọn baba wa ní Ọjà'ba láyé Ìba Olúyọ̀lé, kò sí bí ìtàn ṣe lè sọ ọ́ fún wa.

Ní ilẹ̀ òyìnbó pàápàá, mímọ àrùn náà ṣáájú agbára lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1817, Astley Cooper so aorta ọkùnrin kan pa ní London nítorí aneurysm tó ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Wákàtí 40 péré ni ọkùnrin náà fi wà láàyè lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn sí ogun àgbáyé kejì, wọ́n dán oríṣiríṣi wò, títí kan kí wọ́n ki okùn onírin bọ inú ibi tó wú kí ẹ̀jẹ̀ lè dì síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ aneurysm inú àyà nígbà náà ló jẹ́ pé àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní syphilis ló fà á. Pẹnisílìn ló dín ìyẹn kù.

Ọdún 1948 ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí. Ọdún yẹn ni wọ́n dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Kò tíì sí ọsibítù ńlá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa lò, nítorí náà Adéọ̀yọ́ ní Yemẹ́tù ni wọ́n lọ ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn àtijọ́ mọ̀ pé Adéọ̀yọ́ ò jìnnà sí wa. Láti Bẹẹrẹ, ẹ gba Òkè Àrẹ̀mọ, ẹ ti débẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ní Brooklyn ní Amẹ́ríkà, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Rudolph Nissen la ikùn Albert Einstein nítorí inú tó máa ń run ún. Aneurysm ló bá níbẹ̀. Kò sí bó ṣe lè gé e kúrò, torí pé kò tíì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tí Nissen ṣe ni pé ó fi ọ̀rá cellophane, irú èyí tí wọ́n fi ń wé nǹkan jíjẹ, wé òpó náà yí ká, kí ara Einstein lè bínú sí ọ̀rá náà kó sì hu àpá le e lórí. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́fà ó lé ni Einstein tún lò lẹ́yìn rẹ̀.

Láàárín ọdún mẹ́fà yẹn ni ayé yí padà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1951, Charles Dubost gé aneurysm inú ikùn kúrò ní Paris, ó sì fi òpó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yọ lára òkú rọ́pò rẹ̀. Ní Houston, Michael DeBakey ń wá ohun tí kò ní jẹ́ ká máa retí òkú. Ó lọ sí ilé ìtajà aṣọ, ó fẹ́ ra náílọ̀n, wọ́n ní ó ti tán, wọ́n wá gbé Dacron fún un. Ó gbé e délé, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ rán an bíi pọ́ọ̀pù. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní aṣọ rírán láti kékeré. Nígbà tí mo sọ èyí fún Àǹtí ní Ọjà'ba, òun tó ti ń ta aṣọ fún àwọn télọ̀ láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé, ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó ní, "Aṣọ ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Láti ọjọ́ náà ni kò búra mọ́.

Nígbà tí ti Einstein wá bẹ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 1955, iṣẹ́ abẹ ti wà, wọ́n sì fẹ́ ṣe é fún un. Ó kọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi tipátipá fa ẹ̀mí òun gùn. Ọjọ́ 18 oṣù yẹn ló kú ní Princeton, ọmọ ọdún 76. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ máa ń yìn ín fún ọkàn balẹ̀ rẹ̀ yìí. Èmi ò ta ko wọ́n, ṣùgbọ́n mo rò pé ìṣirò náà wà nínú rẹ̀: ọdún mẹ́rin péré ni iṣẹ́ abẹ náà ti wà láyé, òpó náà ti bẹ́, bàbá náà sì ti dàgbà. Ìgbà tó yẹ kí wọ́n bi í ti kọjá. Ní 1948 tí ìgbà tó, abẹ ò tó. Ní 1955 tí abẹ tó, ìgbà ti lọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, ní ọdún 1955 yẹn, wọ́n ṣì ń kọ́ ọsibítù tí a mọ̀ sí UCH lónìí. Òfin tó dá a sílẹ̀ jáde ní 1952, iṣẹ́ ilé kíkọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1953, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1957 pẹ̀lú ibùsùn 500. Ohun tí mo rò pé Ìbàdàn fi kún ìtàn yìí kò sí lẹ́nu abẹ, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà. Ní 1929, dókítà òyìnbó kan, C. P. Donnison, kọ ọ́ pé òun wọn ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 1,000 ní Kẹ́ńyà, òun ò sì rí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ ló gba èyí gbọ́ pé àrùn náà kì í ṣe ti ènìyàn dúdú Áfíríkà. Ọládipọ̀ Akínkúgbé àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Ìbàdàn lọ wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ará oko àti ará ìlú ní Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1969. Láàárín 1973 sí 1975, ẹgbẹ́ Báyọ̀ Ọ̀ṣúntókun ń kọ orúkọ àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlù ní ìlú Ìbàdàn sílẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan. Ará ìlú yìí ni wọ́n ń kà, àwọn èèyàn irú agbo ilé wa yìí. Bí Alájì ṣe ń gbé kóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mì láràárọ̀ lónìí wá láti inú iṣẹ́ yẹn, bí òun ò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ru náà ló ń ti ara òpó tó ti ṣá síta.

Ní ti abẹ fúnra rẹ̀, ọdún 1974 ni Fabian Udekwu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn nílẹ̀ wa, ní Enugu, tí Magdi Yacoub sì wá láti London bá wọn ṣe é. Ogun abẹ́lé ò tíì parí ju ọdún mẹ́rin lọ. Mo fẹ́ kí a ṣírò ìyẹn dáadáa nígbàkigbà tí ẹnì kan bá ní a ò lè ṣe nǹkan. Ohun tó máa ń dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró ní orílẹ̀-èdè yìí ni ẹ̀rọ, iná, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà síni lára, àti owó. Ọwọ́ kò wọ́n wa.

Ó wá ku ìbéèrè Bẹyẹrunka: bí a bá lè ṣe é, ìgbà wo? Fún nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn Dubost, kálukú oníṣẹ́ abẹ ló ń fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Àwọn kan ní bó bá ti wú báyìí, ẹ gé e. Àwọn mìíràn ní ẹ jẹ́ kó tóbi díẹ̀ ná. Àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wá pinnu pé àwọn máa dá àríyànjiyàn náà dúró. Láti 1991 sí 1995, wọ́n kó ènìyàn 1,090 jọ, ọmọ ọdún 60 sí 76, tí òpó inú ikùn wọn wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 4.0 sí 5.5. Wọ́n fi kèké pín wọn sí méjì. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ń fi síkáànù wọn apá kejì déédéé, wọn ò sì fọwọ́ abẹ kàn wọ́n àfi bí ó bá ju 5.5 lọ, tàbí tó bá ń yára wú, tàbí tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dun wọ́n. Èsì jáde ní 1998. Láàárín ọdún mẹ́fà, iye àwọn tó wà láàyè ní apá méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Nínú àwọn tí wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ìdá 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún kú kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé. Nínú àwọn tó ń dúró, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni tiwọn ń bẹ́ lọ́dún. Ní 2002, àwọn ará Amẹ́ríkà tẹ tiwọn jáde pẹ̀lú ènìyàn 1,136. Ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ tiwọn tilẹ̀ dára ju ìyẹn lọ, ìdá 2.7 ló kú, síbẹ̀ èsì kan náà ni: ìkánjú ò fún wọn ní ẹ̀mí gígùn. Ibẹ̀ ni 5.5 tí gbogbo ayé ń pè fún ọkùnrin ti wá. Fún obìnrin, wọ́n máa ń gbà pé kó dín díẹ̀, bíi 5.0, nítorí tiwọn máa ń tètè bẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó dúró náà padà ṣe iṣẹ́ abẹ kí ọdún wọ̀nyẹn tó parí. Àwọn tó ń dúró ò sùn. Wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n sì mú wọn ní ọjọ́ tó yẹ.

Nọ́ńbà náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. DeBakey tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó rán Dacron, kọjú sí i fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2005, ọmọ ọdún 97, ìrora já an láyà nílé, ó sì mọ ohun tó jẹ́ kí dókítà kankan tó dé: ara aorta rẹ̀ ti ya nínú. Ó kọ̀ láti lọ sí ọsibítù. Nígbà tó pàpà lọ, ó kọ iṣẹ́ abẹ. Òpó náà ń wú sí i ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 2006, kò mọ ohun tó ń lọ mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò mọ èyí tí wọ́n máa ṣe, ṣé kí wọ́n tẹ̀ lé ohun tó sọ ni àbí kí wọ́n gbà á là. Ìgbìmọ̀ ọsibítù jókòó lóru. Ìyàwó rẹ̀ wọlé bá wọn níbi ìpàdé, ó ní kí wọ́n yéé sọ̀rọ̀, kí wọ́n lọ ṣe é. Wọ́n ṣe é. Ó yè, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó tó oṣù Keje 2008 kó tó kú, tí ọgọ́rùn-ún ọdún ku díẹ̀. Nígbà tí mo ka èyí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni mo rí. Ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n jù láyé, mọ̀lẹ́bí ló bá a pinnu.

Ẹ jẹ́ ká gbé 5.5 wá sí Ìbàdàn báyìí. Ẹsẹ̀ méjì ni nọ́ńbà yẹn fi dúró. Àkọ́kọ́ ni iye àwọn tí abẹ ń pa: bí abẹ bá ń pa ju ìdá 5.8 lọ níbi tí a wà, á jẹ́ pé ó yẹ ká dúró pẹ́ ju bí àwọn òyìnbó ṣe dúró lọ. Èkejì ni wíwọ̀n: bí ẹni tó ní àrùn náà ò bá lè padà wá, bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ tàbí tí ọwọ́ tó ń wọ̀n bá ń yí padà, á jẹ́ pé ó yẹ kí a tètè ṣe é ju ìyẹn lọ, nítorí ẹni tó bá dúró láìwọ̀n kò dúró de ohunkóhun. Ìṣòro wa nìyẹn. Àwọn méjèèjì ń fà wá sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Dókítà tó ní kí Alájì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sọ ohun tí ìwé sọ, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n "padà wá" yẹn, owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, owó síkáànù wà nínú rẹ̀, ẹni tó máa tẹ̀ lé e lọ náà wà nínú rẹ̀. Ní 2022 ni ìjọba tún òfin ìbánigbófò ìlera ṣe, pé kó kan gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Kò tíì kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

Bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Bẹyẹrunka ṣùgbọ́n tó ń gbé Peckham, ọdún tó bá pé ọmọ 65, lẹ́tà á wọlé tọ̀ ọ́ wá pé kó wá wọn aorta rẹ̀, ọ̀fẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò yẹn ní England ní 2009. Bó bá wà láàárín 3.0 sí 4.4, wọ́n á máa pè é lọ́dọọdún. Bó bá jẹ́ 4.5 sí 5.4, oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bó bá dé 5.5, ó di ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Lẹ́tà ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Alájì wa, 4.6, kò ní lẹ́tà. Àwa la máa jẹ́ lẹ́tà fún un.

Ohun tí mo padà sọ nílé nìyẹn. Mo ní kò sẹ́ni tó lé e, kò sì sẹ́ni tó ń retí kó bẹ́. Mo ní kí a lọ bi dókítà bóyá oṣù mẹ́ta kò ní dára ju mẹ́fà lọ, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ó ti kọjá 4.5. Àbúrò Alájì ní òun ò fara mọ́ ọn síbẹ̀. Àǹtí bi mí pé ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n dá fún un. Kò sẹ́ni tó mọ̀. A wá káàdì náà títí, a bá a lábẹ́ Kùránì. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò mi ló bọ́ sí. Ọmọ Àǹtí tó ń gun ọ̀kadà ní òun á gbé e lọ, Àǹtí ní òun á máa yọ owó síkáànù sílẹ̀ nínú àjọ, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Alájì wá gbójú sókè kúrò nídìí tẹ̀sùbáà. Ó ní ṣé sìgá tí òun fi sílẹ̀ láti 2003 náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní ṣé ẹ ò rí i.